Ìlù Abẹ́ Jáàkì

Yàrá mi ò ju ibi tí wọ́n ń kó àpò òfìfo sí tẹ́lẹ̀ lọ,
lẹ́yìn ilé gààrí Ìyá Ìbídàpọ̀, ní Ìkẹ́rẹ́,
níbi tí òkúta ti ń wo òrùlé wa láti òkè
bí ẹni tí a jẹ lówó.

Ẹ̀rọ onílù kan wà lórí tábìlì. Àlòkù ni.
Mo rà á lọ́wọ́ Fálúsì, ọmọ Adó.
Bọ́tìnì méjì ò sí lára rẹ̀ mọ́;
mo fi ìdérí bíìrò dí ojú ọ̀kan,
èkejì, ìka mi ti mọ̀ ọ́n bẹ́ẹ̀.

Tẹ́kínò ni mo ń ṣe. Mẹ́rin-mẹ́rin:
gbì, gbì, gbì, gbì.
Kò sí orin níbẹ̀, kò sí oríkì, kò sẹ́ni tó ń kí ẹnikẹ́ni.
Ṣùgbọ́n ìlù náà mọ́ jù.
Ó mọ́ bí àwo tí ẹnikẹ́ni ò tíì fi jẹun.
Ó ń lu etí, kò dé àyà.

Ọjọ́ tí wọ́n ń rin ẹ̀gẹ́ ni mo gbọ́ ohun tí mo ń wá.
Páànù tí wọ́n fi ìṣó dá ihò sí lára,
tí eyín rẹ̀ yọ síta:
ẹ̀gẹ́ funfun wọ ibẹ̀, ó han, ó jáde ní fífọ́.
Kò sọnù o. Ó fọ́ ni,
ó sì wá pọ̀ ju bó ṣe wà lọ.

Mo sáré padà, mo yí dísítọ́ṣọ̀n sókè
títí ìlù fi hu eyín.
Gbì di gbìrì, gbìrì di gbìràrà.
Àwo idẹ kékeré tó ń dún sí-sí tẹ́lẹ̀
bẹ̀rẹ̀ sí í ha, bí ìgbà tí a ń ha ìdí ìkòkò tó jóná.

Àmọ́ gbogbo rẹ̀ ń ṣàn kiri.
Ọ̀kan ga, ọ̀kan rẹlẹ̀, ọ̀kan dà sílẹ̀ kọjá ẹsẹ̀ tábìlì.
Ohun tí a bá rin, dandan ni ká fún un.

Níta, Ìyá Ìbídàpọ̀ ti di ẹnu àpò,
ó ti gbé e sáàárín irin méjì, ó ń yí jáàkì.
Ó yí i lẹ́ẹ̀kan, omi jáde.
Ó yí i lẹ́ẹ̀kejì, ó dúró,
ó fi àtàńpàkò tẹ àpò wò.
Kì í kánjú.

Èmi kánjú. Mo yí kọ́mpúrẹ́ṣọ̀ débi tó lè yí dé.
Èyí tó ga, mo tẹ̀ ẹ́ lórí mọ́lẹ̀;
èyí tó ń sọ wúyẹ́wúyẹ́, mo fà á lápá dìde;
gbogbo wọn wá ga bákan náà
bí ọmọ iléèwé lórí ìlà àárọ̀.
Fèrèsé ń gbọ̀n. Aláǹgbá kan já bọ́ láti àjà.
Mo rò pé mo ti débẹ̀.

Ó wọlé, omi ẹ̀gẹ́ ń kán ní ìgúnpá rẹ̀.
Mo ti múra sílẹ̀ de èébú.
Kò bú mi. Ó gbé ọwọ́ lé sípíkà, ó dijú.
“Ulé ń gbọ̀n, ìyẹn ò burú.
Àmọ́ o ti fún un jù.
Gààrí tó bá ti gbẹ tán nínú àpò
kì í ní hóró nínú agbada, ìyẹ̀fun lásán ni yóò dà.
Fi omi díẹ̀ sílẹ̀ fún un.”
Ó jáde. Kò dúró wò bóyá mo gbà.

Mo tú u díẹ̀. Mo tún tú u díẹ̀.
Láàárín gbì kan àti gbì kejì
àyè kan là, kò ju èémí kan lọ;
inú rẹ̀ ni mo ti gbọ́ igbe jáàkì níta,
àti òkúta Ìkẹ́rẹ́ tó gba ìlù náà,
tó rò ó díẹ̀,
tó sì dá a padà.

Iná lọ kí n tó fi í pamọ́.
Níta, àpò ẹ̀gẹ́ ò mọ̀. Ó ń kán.
Mo ń kà á, mẹ́rin-mẹ́rin.